Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Búkà Ará Mẹ́síkò Lọ́gànjọ́ Òru

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń pín fún mi, aago 11:30 alẹ́ ni mo sì máa ń jáde. Búkà kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ará Mẹ́síkò wà lójú ọ̀nà ilé mi, tábìlì rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ, wọn kì í sì í tìlẹ̀kùn kí aago 2:00 òru tó lù. Ìtasánsán ẹran yíyan wọn máa ń fẹ́ dá mi dúró, ṣùgbọ́n èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi kọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri, ojú sì ń tì mí láti wọlé kí n wá dúró bí òpó. Ọkọ mi ní oúnjẹ àjèjì lóru kò ní í fún mi ní nǹkan míràn ju inú rírun lọ. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ní kò sí ìyàtọ̀ láàárín búkà yìí àti àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá tí wọ́n ń da wàràkàṣì bo gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú ènìyàn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó, kí sì ni kí n rà bí mo bá wọlé? Èmi ni, Nọ́ọ̀sì Ìrọ̀lẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ alẹ́, Nọ́ọ̀sì wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ àjèjì tí bàálé yín sọ yẹn kúrò lọ́nà, nítorí pé nínú gbogbo oúnjẹ tí wọ́n ń tà ní Houston ní wákàtí yẹn, bí kì í bá ṣe pé ẹ rí olóúnjẹ ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì sùn, n kò mọ èyí tó tún sún mọ́ ìdáná ìyá yín tó èyí. Àgbàdo, ata àti tòmátì, ọ̀dọ̀ àwọn ará Mẹ́síkò àti àwọn aládùúgbò wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti ṣí wá bá wa. Ó ti tó nǹkan bí 9,000 ọdún tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń tọ́ koríko ìgbẹ́ kan títí ó fi di àgbàdo, kò sì dé ọ̀dọ̀ tiwa àfi lẹ́yìn tí Columbus ti kọjá òkun ní 1492, tí àwọn ọkọ̀ Potogí sì ń gbé irúgbìn kiri. Orúkọ tòmátì tí àwọn aláta ń pè lójoojúmọ́, inú èdè Nahuatl, èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ Mẹ́síkò, ni gbòǹgbò rẹ̀ wà: tomatl ni àwọn tó ni ín ń pè é kí àwọn ará Sípéènì tó gbà á lẹ́nu wọn. Ata rodo tiwa àti habanero tiwọn, ẹ̀yà ata kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ bá mi sọ fún bàálé yín pé nídìí ata, àwa gan-an ni àlejò.

Ní ti ojúlówó, ẹ má wò ó lára ògiri. Fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ àti àwòrán igi ẹlẹ́gùn-ún kò sọ nǹkan kan fúnni. Ẹran pàápàá lè tan ènìyàn jẹ, nítorí ẹni tó bá mọ ẹran yan, ó mọ̀ ọ́n yan náà ni. Lára tortilla ni kí ẹ ti wò ó, ìyẹn àgbàdo tí wọ́n tẹ́ pẹlẹbẹ, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí wọ́n fi ń di ẹran mú kí ó tó di taco. Nígbà tí mo ń gbé ní Chicago, mo máa ń lọ sí búkà kan ní ojú pópó kejìdínlógún ní àdúgbò Pilsen, níbi tí ìyá àgbàlagbà kan máa ń dúró lẹ́yìn tábìlì ìtajà tí yóò máa ṣe é lójú gbogbo wa. Yóò bu ìyẹ̀fun pípò tó tó ẹyin àdìẹ kékeré, yóò ṣù ú, yóò fi í sáàárín ọ̀rá méjì, yóò sì fi irin onítẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá ti bó ọ̀rá náà kúrò, yóò tẹ́ ẹ sórí irin gbígbóná tí wọ́n ń pè ní comal. Ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi ìka méjì kàn án ní àárín, ohun pẹlẹbẹ náà sì wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ń fọn fèrè. Òórùn tó ń tú jáde lára rẹ̀ nígbà yẹn kò jọ ti àgbàdo sísun, kò sì jọ ti ẹ̀kọ. Ó dà bí òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn yẹn ní búkà yín, ẹ jókòó.

Ọgbọ́n tó wà nídìí òórùn náà ni wọ́n ń pè ní nixtamal. Àgbàdo gbígbẹ ni wọ́n ń sè nínú omi tí wọ́n po cal mọ́, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí lára òkúta tí wọ́n fi iná sun; wọn a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọn a fọ èèpo rẹ̀ dànù, kí wọ́n tó wá lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti fi kán-ún se ẹ̀wà rí yóò mọ irú iṣẹ́ tí cal ń ṣe lára àgbàdo, àmọ́ àǹfààní tirẹ̀ kọjá kí nǹkan tètè rọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà lẹ̀ mọ́ra láìfọ́, òun náà ló sì ń tú fítámì niacin tó há sínú àgbàdo sílẹ̀ kí ara lè rí i lò. Àwọn tó gba àgbàdo láìgba ọgbọ́n yìí pọ̀ lágbàáyé, àwọn kan sì jẹ̀ ẹ́ níyà: ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà yín níbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn tálákà tó jẹ́ pé àgbàdo lásán ni wọ́n ń jẹ ní àjẹsùn àti àjẹjí bẹ̀rẹ̀ sí í ní àìsàn pellagra, tó ń bó wọn lára, tó sì ń da orí wọn rú, títí dókítà Joseph Goldberger, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní 1914, fi fi hàn pé oúnjẹ wọn ló fà á, pé kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀. Àwa náà kò gba cal. Àwọn ìyá wa rẹ àgbàdo sómi títí ó fi kan, wọ́n sọ ọ́ di ògì, ọ̀nà tiwọn nìyẹn. Ẹ ò rí i pé tortilla àti ẹ̀kọ, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, wọ́n kàn gba ilé ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dàgbà.

Ní ti ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó po nǹkan méjì pọ̀. Oúnjẹ oníwàràkàṣì tó ń sọ, ti àwọn ará Texas tí baba ńlá wọn jẹ́ ará Mẹ́síkò ni, ó sì ní ìtàn tirẹ̀ tó níyì. Houston gan-an ni Ninfa Rodriguez Laurenzo ti ṣí búkà rẹ̀ sí Navigation Boulevard ní 1973, tí ẹran màlúù yíyan nínú tortilla sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì ṣe rò pé ayédèrú ni tortilla tí wọ́n fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣe, nítorí oúnjẹ àwọn ará àríwá Mẹ́síkò ni, pàápàá ní Sonora tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà. Ẹ kàn mọ èyí tí ẹ ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ àsìkò ló wá kù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú dání jù lọ, nítorí pé òun ló dójú tì mí. Ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé Chicago, mo wọ búkà kan ní nǹkan bí aago 12:00 òru, mo sì béèrè fún barbacoa pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọkùnrin tó wà nídìí iná wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní «domingo», ó sì fi ọ̀bẹ tọ́ka sí kàlẹ́ńdà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀rọ̀ náà. Barbacoa jẹ́ ẹran tí wọ́n ń fi gbogbo òru sè kí ó lè rọ̀ di àárọ̀ òpin ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni carnitas, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀rá ara rẹ̀ dín, ṣe jẹ́ oúnjẹ ojúmọmọ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ohun tí mo ṣe kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó lọ jí onísùyà ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Onísùyà kò ní í dáná kí oòrùn tó rọ̀, àwọn ará Mẹ́síkò náà sì ní ẹran tó jẹ́ pé òru ló ni ín.

Èyí tí òru ni jù nínú wọn ni al pastor. Ẹ ó rí i bí ẹ bá ti ń wọlé: irin kan tí wọ́n gbé nàró níwájú iná, tí wọ́n to ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ lé orí ara wọn yí i ká, tí ata guajillo gbígbẹ àti achiote, ìyẹn irúgbìn pupa kan, ti sọ gbogbo rẹ̀ di pupa fòò. Òkè rẹ̀ fẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí ṣóńṣó, gẹ́lẹ́ bí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Trompo ni wọ́n ń pè é, òkòtó náà sì ni trompo túmọ̀ sí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò máa fi ọ̀bẹ gígùn ré e láti òkè wá sísàlẹ̀, ẹran á máa bọ́ sínú tortilla tó fi ọwọ́ òsì tẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ta ọ̀bẹ náà sókè síbi tí ọ̀pẹ òyìnbó jókòó sí lórí irin, ègé kékeré kan á fò wá, á sì fi taco hán an láìwò ó. Mo ti dúró wo iṣẹ́ yìí títí oúnjẹ tèmi fi tutù. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ṣí lọ sí Mẹ́síkò ló gbé irin àyíyípo náà dé ibẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1930 síwájú ni wọ́n ti ń tà á ní ìlú Puebla nínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń pè é ní taco àwọn Lárúbáwá, kí àwọn ará Ìlú Mẹ́síkò, olú-ìlú wọn, tó wá fi ata àti tortilla àgbàdo sọ ọ́ di tiwọn. Ṣàwámà tí àwọn ọ̀dọ́ ń tò fún lálẹ́ ní Èkó, ọmọ ìyá rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹran orísirísi, ẹ ti dé ilé nìyẹn. Lengua ni ahọ́n, cabeza ni ẹran orí, tripas ni ìfun, èyí tí mo máa ń ní kí wọ́n yan gbẹ títí yóò fi máa dún lẹ́nu. Birria, ní ìpínlẹ̀ Jalisco tó ti wá, ẹran ewúrẹ́ ni, ṣùgbọ́n ti màlúù ló pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà báyìí, wọ́n sì máa ń bu omi ẹran náà sínú ife kékeré kí ẹ lè máa ki taco bọ̀ ọ́. Menudo ni ṣàkì, nínú ọbẹ̀ pupa. Bí wọ́n bá ní in lọ́jọ́ Sátidé tàbí Ọjọ́ Àìkú, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá yín. Ní alẹ́ tí òtútù bá mú, pozole ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ̀gbo ni, láìsí àní-àní: àgbàdo ńláńlá tí wọ́n ti bó, tí wọ́n sè títí tí wóró kọ̀ọ̀kan fi là bí òdòdó, àmọ́ tí wọ́n wá sè é pọ̀ mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ata. Wọn yóò gbé kábéèjì tútù, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata lílọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jẹ ẹ́, ilé ìyá mi àgbà ni mo rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá yẹn kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ìdí tábìlì ìtajà, ẹ lè sọ pé «dos al pastor, uno de lengua», ìyẹn méjì al pastor àti ọ̀kan ẹran ahọ́n. Yóò bi yín bóyá «con todo», tí í ṣe pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, àlùbọ́sà tútù àti ewé cilantro ló ń sọ. Ẹ ní «sí». Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Orí yín ni kí ẹ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má tẹ taco, kí omi rẹ̀ má baà bọ́ sára aṣọ iṣẹ́. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìgò ata. Ẹ̀mí Yorùbá máa ń rò pé èyí tó bá pupa ló ta jù, ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé ni èyí tó pa mí lẹ́kún, tí mo dà á bí ẹni ń da ọbẹ̀ sórí ìrẹsì. Ẹ kán an sí etí taco kan kí ẹ tó gbójú lé e.

Ẹ ó tún rí ike ńlá méjì tàbí mẹ́ta tí ohun mímu wà nínú wọn. Jamaica, èyí tó pupa, sóbò ni, ìtànná ìṣápá pupa kan náà. Horchata ni funfun, ìrẹsì àti igi olóòórùn dídùn canela ni wọ́n fi ń ṣe é ní Mẹ́síkò, bẹ́ẹ̀ ìbátan rẹ̀ ní Sípéènì, imumu ni wọ́n ń fi ṣe tiwọn, èyí tí àwọn míràn ń pè ní ọ̀fíò. Fún ẹni tí ata ti mú, horchata ló yẹ.

Ẹ má jẹ́ kí kíkéré búkà náà kọ yín lóminú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, nígbà tí ìwé atọ́nà Michelin, tó ń fi ìràwọ̀ yẹ́ àwọn ilé oúnjẹ tó dára jù lọ sí, kọ́kọ́ dé Mẹ́síkò, ó fún ìsọ̀ taco kan tó ń jẹ́ El Califa de León ní ìràwọ̀ kan. Ìlú Mẹ́síkò ni ó wà, láti 1968, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 3 sí mítà 3 lọ, orí ìdúró sì ni wọ́n ti ń jẹun níbẹ̀. Tábìlì mẹ́fà tiyín, ààfin ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí n má sì gbàgbé inú rírun tí bàálé ń sọ. Bí ẹ bá jẹ taco mẹ́ta, tí ẹ sì wà lórí ìjókòó fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó dùbúlẹ̀, kò yẹ kí àyà ta yín. Ẹ̀yin ni nọ́ọ̀sì, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ẹ mú bàálé dání ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, Mùsùlùmí ni mí, Chicago ni mo sì ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń lọ jẹ taco lóru ní òpópónà 26, èmi a sì jókòó sínú mọ́tò títí wọn yóò fi jáde. Ṣé kò sí ohun tí mo lè jẹ níbẹ̀ ni? Èmi ni, Ẹni Tó Jókòó Sínú Mọ́tò.

ÌDÁHÙN: Ẹ jáde nínú mọ́tò o, òtútù Chicago kì í ṣe eré. Al pastor, carnitas àti chorizo, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ẹ sì ti mọ̀ pé ẹran màlúù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n pa nílànà ẹ̀sìn, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀. Èyí tó fara sin ló yẹ kí ẹ ṣọ́, ìyẹn manteca, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n sábà máa ń fi sínú ẹ̀wà títẹ̀, sínú tamal, ìyẹn àgbàdo pípò tí wọ́n fi ewé wé sè, àti sínú tortilla tí wọ́n fi ìyẹ̀fun búrẹ́dì ṣe. Ẹ béèrè pé «¿tiene manteca?», wọn kò ní í bínú. Tortilla àgbàdo ní tirẹ̀ kò ní nǹkan míràn nínú ju àgbàdo, omi àti cal, bí kò bá ti sí ọ̀rá lórí irin tí wọ́n fi yan án. Ẹ ní kí wọ́n fi wàràkàṣì àti nopales sínú rẹ̀ fún yín, ewé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n ti ha ẹ̀gún rẹ̀ kúrò, tó ń yọ̀ díẹ̀ lẹ́nu bí ilá. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá gbà lè tọ́ huitlacoche wò, olú dúdú tó ń hù lára àgbàdo, tí àgbẹ̀ tiwa ì bá sọ sígbó. Bí wọ́n bá sì ń ta elote lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti mọ̀ ọ́n: àgbàdo sísun ni, tí wọ́n kun wàràkàṣì, ata àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí lára. Bí ọ̀rọ̀ irin tí wọ́n ti yan ẹlẹ́dẹ̀ lórí rẹ̀ bá ń kọ yín lóminú, àáfà yín ni kí ẹ bi, n kò ní í gba iṣẹ́ wọn ṣe.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Búkà ará Mẹ́síkò kan ni mo ti máa ń jẹun alẹ́. Gbogbo ẹni tó bá jẹun tán, tó ń jáde, ló máa ń wo ojú mi tí yóò sọ ọ̀rọ̀ kan tó ń parí sí «vecho». N kò mọ̀ wọ́n rí. Ṣé mo jókòó síbi tí kò yẹ ni àbí wọ́n ń bú mi? Èmi ni, Ọmọ Àjòjì.

ÌDÁHÙN: Wọn kò bú ọ, ọmọ mi. «Provecho» ni wọ́n ń wí, ẹni tó bá ń kọjá lọ níwájú ẹni tó ń jẹun sábà máa ń wí i, ìbáà mọ̀ ọ́n, ìbáà má mọ̀ ọ́n; ẹni tó bá sì dákẹ́ kọjá, àwọn kan lè ní wọn kò kọ́ ọ nílé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí oúnjẹ náà ṣe ara rẹ lóore, bí tiwa tí a ń wí fún ẹni tó bá fi oúnjẹ lọ̀ wá pé á gba ibi ire. «Gracias» ni kí o fi dá wọn lóhùn. Bí ìwọ náà bá wá jẹun tán, tí o ń kó ìwé àti báàgì rẹ jọ, yíjú sí tábìlì tó kù kí o tó ti ilẹ̀kùn.